Oṣù méjì ni mo ti ń kan ẹ̀ṣẹ́, kí ló dé tí mo ṣì ń mí hẹlẹ?

Obìnrin kan tó ń gbé ní Ìbàdàn ló fi ìbéèrè yìí ránṣẹ́ sí mi, mo sì gé e kúrú díẹ̀: “Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá. Ẹni ọdún 42 ni mí, ọ́fíìsì ni mo ti ń ṣiṣẹ́, àtàárọ̀ di ìrọ̀lẹ́ ni mo sì fi ń jókòó. Láti oṣù méjì sẹ́yìn ni mo ti ń lọ sí jíìmù kan lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ láti kan ẹ̀ṣẹ́, irú èyí tí a ń fi gbogbo agbára lu báàgì fún ìṣẹ́jú mẹ́ta, tí a ó sinmi fún ìṣẹ́jú kan, ráùndì mẹ́fà. Kóòṣì wa ní ó ń mú kí ẹ̀dọ̀fóró fẹ̀. Ọkọ mi ní ọkàn mi ló máa wú, nítorí aago ọwọ́ mi ń sọ pé ó ń lù ní ìgbà 176 láàárín ìṣẹ́jú kan. Èyí tó ń dààmú mi jù ni pé bí mo ṣe mí hẹlẹ ní ọjọ́ àkọ́kọ́ náà ni mo ṣe ń mí hẹlẹ dòní, bẹ́ẹ̀ mo ti ń gun àtẹ̀gùn ilé wa báyìí láì dúró sinmi. Ṣé ó ń ṣiṣẹ́ ni, àbí mò ń pa ara mi? Ìyá mi ní ẹ̀jẹ̀ ríru.”

Ẹ kú ìforítì, ìyáàfin. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta lẹ pa pọ̀ sójú kan, kálukú wọn ló sì ní ìdáhùn tirẹ̀: bóyá ẹ̀dọ̀fóró ń fẹ̀, bóyá ọkàn ń wú, àti ìdí tí ara yín fi dà bí ara ẹni tí kò tíì kọ́ nǹkan kan nígbà tí ẹ bá dúró ti báàgì. Ó ti tó ogún ọdún tí mo ti ń bá àwọn tó ń kan ẹ̀ṣẹ́ ṣiṣẹ́, àwọn abẹ̀ṣẹ́kùbíòjò tó ń múra ìjà àti àwọn tí dókítà ní kí wọ́n lọ wá nǹkan ṣe sí ọ̀rá ikùn, n kò sì lè ka iye ẹni tó ti bi mí ní ìbéèrè kẹta yẹn pẹ̀lú ojú ẹni tí wọ́n rẹ́ jẹ. Ẹ̀yin gan-an ti kọ apá kan ìdáhùn rẹ̀ sílẹ̀ láìmọ̀, níbi tí ẹ ti mẹ́nu ba àtẹ̀gùn, mo sì máa padà síbẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ gba ẹ̀dọ̀fóró sílẹ̀ lọ́wọ́ kóòṣì yín. Ẹ̀dọ̀fóró àgbàlagbà kì í fẹ̀ nítorí pé a ń ṣe eré ìdárayá. Àwọn àpò afẹ́fẹ́ tíntìntín tó wà nínú rẹ̀ lé ní 300 mílíọ̀nù, báàgì tí ẹ ń lù kò sì ní fi ẹyọ kan kún wọn. Kò tilẹ̀ sí ìdí tó fi yẹ kó fẹ̀, nítorí ohun tó wà níbẹ̀ ti pọ̀ ju ohun tí ọ̀pọ̀ nínú wa ń lò lọ: bí ẹ bá jókòó jẹ́ẹ́, afẹ́fẹ́ tí ẹ ń mí sínú láàárín ìṣẹ́jú kan jẹ́ bíi lítà 6 sí 8, ṣùgbọ́n nígbà tí ráùndì bá gbóná, ó lè tó ìlọ́po mẹ́wàá rẹ̀, síbẹ̀ ẹ̀jẹ̀ tó ń ti inú ẹ̀dọ̀fóró ẹni tí ara rẹ̀ dá jáde yóò ṣì fẹ́rẹ̀ẹ́ kún dẹ́múdẹ́mú fún ọ́síjìn. Ohun tó ń yí padà ni àwọn iṣan tó ń fa èémí, ìyẹn iṣan pẹrẹsẹ tó wà lábẹ́ ẹ̀dọ̀fóró àti àwọn tó wà láàárín egungun ìhà. Wọ́n máa ń lágbára sí i, èémí á sì máa jinlẹ̀ dípò kó máa sáré. Nítorí náà, kóòṣì yín rí ohun tó rí ní tòótọ́, orúkọ tó pè é ni kò bá a mu.

Bí mo bá ń ṣàlàyé èyí fún àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi, kànga ni mo máa ń fi ṣe àpèjúwe. Omi inú kànga kò wọ́n. Garawa tí a fi ń fà á ló ń pinnu iye omi tó ń wọ ilé, ọkàn sì ni garawa yẹn. Nígbà tí ẹ bá sinmi, ọkàn yín lè lù ní ìgbà 70 láàárín ìṣẹ́jú kan, kó sì máa tú bíi mílílítà 70 ẹ̀jẹ̀ jáde nígbà kọ̀ọ̀kan, àpapọ̀ rẹ̀ sì fi díẹ̀ dín sí lítà 5. Nínú eré líle, iye ìgbà tó ń lù yóò gòkè, ṣùgbọ́n ó ní ibi tí kò lè kọjá, ibẹ̀ kì í sì í gòkè bó ti wù kí a ṣe eré tó; ọjọ́ orí ló kàn ń fà á wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ìṣirò tí a máa ń lò ni ká yọ ọjọ́ orí kúrò nínú 220, èyí tó fún ẹ̀yin ní 178, ìṣirò náà sì lè fi 10 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ṣì sókè tàbí sísàlẹ̀. Òǹkà 176 tí ẹ rí kì í ṣe ohun tó yẹ kó dá oorun mọ́ ọkọ yín lójú. Ìwọ̀n garawa ni eré ń yí padà. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́, omi inú ẹ̀jẹ̀ máa ń pọ̀ sí i. Lẹ́yìn náà, bí ọ̀sẹ̀ ṣe ń gorí ọ̀sẹ̀, yàrá ọkàn máa ń gba ẹ̀jẹ̀ púpọ̀ sí i sínú kó tó fún un jáde. Bó bá jẹ́ mílílítà 90 ló ń tú lójú eré tẹ́lẹ̀, tó wá di 100, pẹ̀lú ìlù 178 kan náà, ẹ ti fi nǹkan bíi lítà 1.8 kún ẹ̀jẹ̀ tó ń lọ yí ara ká láàárín ìṣẹ́jú kan, láìjẹ́ pé ọkàn sáré ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Ọkọ yín kò sì sọ ìsọkúsọ, ohun méjì tó jọra ló pa pọ̀. Ọkàn tí ẹ̀jẹ̀ ríru ń mú wú máa ń nípọn lára ògiri, á sì le, nítorí pé tọ̀sán-tòru ló ń ti ẹ̀jẹ̀ gba ojú ọ̀nà tó há. Ọkàn ẹni tó ń ṣe eré máa ń gbòòrò díẹ̀ nínú, ògiri rẹ̀ á sì máa bá a dàgbà ní ìwọ̀n, bí a bá sì pa eré tì, á tún padà sí bó ṣe wà. Ní ti ẹni tó ń ṣe é lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, ìyípadà yìí kéré gan-an.

Mo ní láti sọ̀rọ̀ nípa aago náà, nítorí òun ló dá ẹ̀rù sílẹ̀. Iná ni irú aago bẹ́ẹ̀ fi ń wo ẹ̀jẹ̀ lábẹ́ awọ, bí ọwọ́ bá sì ń jù síwá sẹ́yìn, tí báńdéèjì fún un mọ́lẹ̀, àṣìṣe rẹ̀ máa ń pọ̀. Bẹ́líìtì tí wọ́n ń so mọ́ àyà péye jù ú lọ dáadáa. Ooru náà ní ọwọ́ nínú rẹ̀. Nínú jíìmù tí iná ti lọ, tí fáànù dúró, tí òógùn sì ń kán tótó, ọkàn máa ń lù ju bó ti yẹ lọ fún iṣẹ́ kan náà, torí ó ń fi ẹ̀jẹ̀ ránṣẹ́ sí awọ láti tu ara. Ṣùgbọ́n ohun tó ṣe pàtàkì jù ni pé iṣan ọwọ́ kéré sí ti ẹsẹ̀. Bí ẹ bá dúró sójú kan tí ẹ ń fi apá nìkan ṣiṣẹ́, ọkàn yóò sáré, ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ yóò sì gòkè, ṣùgbọ́n ọ́síjìn tí gbogbo ara ń lò kò ní tó èyí tí ẹ óò lò bí ẹ bá ń sáré gun òkè Mápó pẹ̀lú ìlù ọkàn kan náà. Òǹkà 176 lórí báàgì àti 176 lórí òkè kì í ṣe ẹgbẹ́.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàpèjúwe ráùndì kan, kí ẹ sọ bóyá tiyín ni. Agogo dún. Fún ìṣẹ́jú àáyá 30, ẹ̀ṣẹ́ ń rọ̀ bí òjò, báàgì ń fì, gbogbo jíìmù ń wò yín. Nígbà tó fi máa pé ìṣẹ́jú kan, ìgbọ̀nwọ́ ti bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ìhà, ẹsẹ̀ méjèèjì ti lẹ̀ mọ́lẹ̀, èjìká ń ta bíi pé wọ́n fi ata pa á. Ẹ ń sé èémí kí ẹ tó ju ẹ̀ṣẹ́, ó di ẹ̀yìn ẹ̀ṣẹ́ kẹta tàbí ìkẹrin kí ẹ tó tú u sílẹ̀. Nígbà tó bá ku ìṣẹ́jú àáyá 40, ẹ ti fi iwájú orí ti báàgì bíi pé ẹ fẹ́ sọ̀rọ̀ àṣírí sí i létí. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, èjìká ló kọ̀wé iṣẹ́ sílẹ̀ kí ọkàn tó rí iṣẹ́ tirẹ̀ ṣe. Mímí hẹlẹ tí ẹ ń mí kò sì túmọ̀ sí pé ọ́síjìn ti tán nínú yín: nígbà tí iṣan kékeré bá ń ṣe iṣẹ́ tó ju agbára rẹ̀ lọ, ó máa ń da oró kíkan sínú ẹ̀jẹ̀, ọpọlọ á sì pàṣẹ pé kí èémí yára láti fi mí ìdọ̀tí rẹ̀ síta. Sísé èémí tún dá kún un, ó sì ń ti ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ sókè lójijì, èyí tí ọmọ ẹlẹ́jẹ̀ ríru kò nílò. Ìdí nìyẹn tí àwọn àgbà inú jíìmù fi máa ń ṣe “sì, sì” láti ẹnu bí wọ́n ṣe ń ju ẹ̀ṣẹ́. Kì í ṣe fáàrí rárá.

Ẹ lè wá bi mí pé kí ló dé tí a fi ń ṣe é ní gélegèle, ká ṣe é kíkankíkan, ká sinmi, ká tún gbé e, dípò ká fi wákàtí kan ṣe é jẹ́jẹ́. Ohun tí a mọ̀ ni pé ọkàn máa ń kọ́ ẹ̀kọ́ rẹ̀ dáadáa ní ìṣẹ́jú tó bá ń ṣiṣẹ́ nítòsí góńgó agbára rẹ̀, ìsinmi ló sì jẹ́ ká lè kó irú ìṣẹ́jú bẹ́ẹ̀ jọ púpọ̀. Ní ọdún 2007, àwọn olùwádìí ní Trondheim, ní ilẹ̀ Norway, tẹ ìwádìí kan jáde lórí àwọn ọkùnrin tó ń sáré fún ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ: àwọn tó sáré ìṣẹ́jú 4 lọ́nà 4, ní ìwọ̀n 90 sí 95 nínú ọgọ́rùn-ún góńgó ìlù ọkàn, fi nǹkan bí 7 nínú ọgọ́rùn-ún kún ọ́síjìn tí ara wọn lè lò, ẹ̀jẹ̀ tí ọkàn ń tú jáde lẹ́ẹ̀kan náà sì pọ̀ sí i, nígbà tí àwọn tó sáré jẹ́jẹ́ títí agbára tí wọ́n ná fi dọ́gba kò rí ìyípadà gidi. Eré sísá nìyẹn, kì í ṣe ẹ̀ṣẹ́. Lórí ẹ̀ṣẹ́ fúnra rẹ̀, ìwádìí kò pọ̀. Ọ̀kan tí àwọn olùwádìí ní Ọsirélíà tẹ̀ jáde ní 2015 fi ẹ̀ṣẹ́ kíkàn wé ìrìn kánmọ́kánmọ́ láàárín àwọn tó ní ọ̀rá ikùn, lẹ́ẹ̀mẹrin lọ́sẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ 12. Ọ̀rá ara dín kù, ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀, agbára lílo ọ́síjìn sì gòkè lára àwọn tó kan ẹ̀ṣẹ́. Ìròyìn ayọ̀ ni, àmọ́ ènìyàn méjìlá péré ni gbogbo wọn, àti abẹ̀ṣẹ́ àti arìn, ẹnikẹ́ni tó bá sì fi ènìyàn méjìlá búra fún yín, ẹ fura sí i.

Ọ̀rọ̀ àtẹ̀gùn ló kàn báyìí. Iṣẹ́ tí ẹ ń ṣe lórí àtẹ̀gùn kò yí padà: iye ìgbésẹ̀ kan náà, ìwúwo ara tó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ kan náà. Nítorí náà, nígbà tí garawa tóbi sí i, ẹ rí i kíá. Lórí báàgì, iṣẹ́ náà ń dàgbà pẹ̀lú yín. Ní ọjọ́ àkọ́kọ́, bóyá ẹ̀ṣẹ́ ọgọ́ta tí kò gbé iyọ̀ lẹ jù ní ráùndì kan. Lónìí, ẹ ń jù ú ní ìlọ́po méjì, ó sì ń dún. Ibi tó bá rẹ̀ yín dé náà ni ẹ ó máa ti ara yín dé, bí ẹ bá tilẹ̀ di akọni, ẹ óò ṣì máa mí hẹlẹ nígbà tí agogo bá dún. Ìṣẹ́jú ìsinmi ni ẹ ó ti rí ìyàtọ̀. Ẹ rántí ìjà Anthony Joshua, ẹni tí gbòǹgbò ìdílé rẹ̀ wà ní Ṣàgámù, pẹ̀lú Wladimir Klitschko ní pápá Wembley ní ọjọ́ 29 oṣù kẹrin ọdún 2017. Ó gbé Klitschko ṣánlẹ̀ ní ráùndì karùn-ún, ó lé e kíkankíkan, ó sì ná gbogbo ohun tó ní. Kí ráùndì náà tó parí, òun gan-an ti ń fẹsẹ̀ wọ́lẹ̀, ní ráùndì kẹfà sì ni Klitschko gbé òun náà ṣánlẹ̀. Àwa tó wò ó rò pé ó ti tán. Ó fi ráùndì mélòó kan mí, ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan lórí àga ń dá nǹkan padà fún un, ní ráùndì kọkànlá ló wá parí ìjà náà. Kì í ṣe pé kò rẹ̀ ẹ́ o, ó rẹ̀ ẹ́ ju bó ṣe ń rẹ̀ yín lọ. Bí ara rẹ̀ ṣe ń tètè padà bọ̀ sípò ló gbà á.

Ẹ lè wọn tiyín láì náwó. Lẹ́ẹ̀kan ní ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ ṣe ráùndì kan tí kò ní yí padà láé: ẹ̀ṣẹ́ mẹ́rin ní gbogbo ìṣẹ́jú àáyá 5, títí ìṣẹ́jú mẹ́ta, gbogbo rẹ̀ á jẹ́ 144. Bí agogo bá ti dún, ẹ fi ìka méjì sí ẹ̀gbẹ́ ọrùn, ẹ ka ìlù náà fún ìṣẹ́jú àáyá 15, ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po mẹ́rin. Ẹ tún kà á lẹ́yìn ìṣẹ́jú kan, kí ẹ sì kọ méjèèjì sínú ìwé. Bí àlàfo tó wà láàárín wọn bá ń fẹ̀ láti oṣù dé oṣù, iṣẹ́ yín ń so èso, ohunkóhun tí èémí yín ìbáà máa sọ. Ìwádìí kan tí wọ́n tẹ̀ jáde ní Amẹ́ríkà ní 1999 fi hàn pé àwọn tí ìlù ọkàn wọn kò wálẹ̀ ju 12 lọ ní ìṣẹ́jú àkọ́kọ́ lẹ́yìn eré ni ikú pọ̀ jù láàárín wọn ní ọdún mẹ́fà tó tẹ̀ lé e. Orí ẹ̀rọ tí ènìyàn ń rìn lórí rẹ̀ ni wọ́n ti wọn tiwọn, nítorí náà kì í ṣe ìdájọ́ fún ẹni tó ń kan ẹ̀ṣẹ́, àmọ́ bí tiyín bá ń rí bẹ́ẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà, ẹ mú ìwé yẹn lọ bá dókítà.

Ẹ̀jẹ̀ ríru ìyá yín ni ohun tí n kò lè fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú. Ẹ kò sọ iye tí tiyín jẹ́, mo sì fura pé ẹ kò tíì wọ̀n ọ́n. Ẹ lọ wọ̀n ọ́n kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí, ní ìjókòó, lẹ́yìn ìṣẹ́jú márùn-ún ìsinmi, ẹ̀ẹ̀mejì ní ọjọ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Eré déédéé máa ń fà á wálẹ̀ lára ẹni tó ní i, ó sì lè tó òǹkà 5 sí 8 lórí òǹkà òkè, ṣùgbọ́n láàárín ráùndì fúnra rẹ̀ ńṣe ló ń gòkè, ẹni tí tirẹ̀ ti ga láti ilé gbọ́dọ̀ gba ìwòsàn kó tó máa ti ara rẹ̀ dé góńgó. Bí àyà bá ń dùn yín tàbí tó ń fún yín, bí òòyì bá kọ́ yín tàbí ẹ dákú, bí ọkàn bá ń lù ségesège, ẹ dúró lójú ẹsẹ̀, ẹ má sì padà síbẹ̀ láì rí dókítà. Ẹ tún mọ irú ẹ̀jẹ̀ yín: nǹkan bí ẹnì kan nínú mẹ́rin tàbí márùn-ún ní Nàìjíríà ló ní AS, kò sì ní kí wọ́n má ṣe eré, ṣùgbọ́n nínú ooru, tí omi ti gbẹ lára, eré àṣejù lè dá wọn wó, wọn kò sì gbọ́dọ̀ jẹ́ kí kóòṣì lé wọn kọjá ibi tí ara bá ti ní ó tó. Ẹni tó bá ń gbọ́ ìró fíìfíì nínú àyà lẹ́yìn eré, pàápàá nígbà ọyẹ́ tí eruku gba ìta kan, ásímà ló yẹ kó lọ yẹ̀ wò, kó má rò pé eré ni kò mọ̀ ọ́n ṣe.

Tí ẹ bá bi mí ní ohun tí n bá ṣe ní ipò yín, ọjọ́ mẹ́ta yẹn ni n bá sọ di méjì lórí báàgì, n óò sì fi ọjọ́ méjì mìíràn rìn kánmọ́kánmọ́ fún ìṣẹ́jú 40, nítorí ọkàn nílò iṣẹ́ jẹ́jẹ́ náà, èjìká sì nílò ìsinmi. N óò dín ráùndì sí ìṣẹ́jú méjì fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, kí n lè fi ẹsẹ̀ ṣiṣẹ́ títí agogo fi máa dún: ẹ̀ṣẹ́ mẹ́ta, ìgbésẹ̀ méjì sí ẹ̀gbẹ́, ẹ tẹ orúnkún ba, ẹ tún wọlé, kí agbára ẹ̀ṣẹ́ sì máa ti ìbàdí wá. Ìwọ̀n tó dára ni kí ẹ lè sọ ọ̀rọ̀ méjì tàbí mẹ́ta, kí ẹ má lè sọ gbólóhùn kan parí. Bí kóòṣì bá ní kí ẹ wá bá ẹnìkan jà lójú agbo, ẹ kọ̀. Kò sí èrè ọkàn kan nínú ẹ̀ṣẹ́ tí wọ́n lù mọ́ ènìyàn lórí, ọpọlọ nìkan ló ń sanwó rẹ̀. N kò sì ní tàn yín: bó bá jẹ́ ti ọkàn nìkan, òkè Ìbàdàn tó wà níwájú ilé yín lè ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́, ọrùn ọwọ́ kò sì ní dùn yín. Ohun tí mo rí ní ogún ọdún yìí ni pé àwọn tí mo ní kí wọ́n máa gun òkè kì í pẹ́ ṣíwọ́, àwọn tó fẹ́ràn báàgì ń padà wá, bẹ́ẹ̀ ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́rin láìṣe nǹkan kan ti tó láti bẹ̀rẹ̀ sí í pàdánù ohun tí ẹ kó jọ. Bí ẹ bá ti kọ òǹkà ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sínú ìwé, ẹ fi ránṣẹ́ sí mi pẹ̀lú ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ yín. Lẹ́tà nìkan ni mo fi dáhùn lónìí, n kò tíì gbọ́ bí ọkàn yín ṣe ń lù.